Àwòrán Tí Kò Làágùn Mọ́

"Àǹtí Làbákẹ́, ẹjọ́ yìí ti parí," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Sàlíhù sọ fún mi ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, tí inú rẹ̀ ń dùn. "Obìnrin yẹn ló da omi sí àwòrán. Báàkẹ́tì rẹ̀ la bá ní pálọ̀, abẹ́ àwòrán náà gan-an."

"Ṣé o bi í ní ohun tí báàkẹ́tì ń wá ní pálọ̀?"

Kò bi í. Mo mọ Sàlíhù dunjú. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tí èmi náà ṣì ń wọ aṣọ ọlọ́pàá, kí orúnkún tó lé mi wálé. Láti ìgbà náà wá, bó bá ti rí nǹkan kan tó jọ ìdáhùn, kì í wá òmíràn mọ́.

"Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà," mo wí. "Gbé bébà náà wá kí n rí i."

Ó gbé e sórí tábìlì. Bébà líle kan ni, ó gùn tó apá mi, ó ti rún, ó sì ti gbẹ. Títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwòrán ni: kùtùkùtù òwúrọ̀ létí ọ̀sà Ìwáyà, ìkùukùu lórí omi, ọkọ̀ àjẹ̀ kan, obìnrin kan jókòó sínú rẹ̀ tó wé gèlè funfun. Nísinsìnyí, kò sí ọ̀sà, kò sí ọkọ̀, gbogbo àwọ̀ ti ṣàn para pọ̀. Pa Ambrose Ṣówándé ló yà á, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìpọ̀nrí. Ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ni obìnrin inú ọkọ̀ náà. Kò sì lè ya òmíràn mọ́, nítorí ojú rẹ̀ ti ń kú lọ.

Ohun kan fà mí lójú. Ní ibi tí gèlè wà tẹ́lẹ̀, nǹkan funfun kan ti yọ́, ó ti ṣàn wálẹ̀ bí ẹ̀kọ mímu tó dà sórí tábìlì. Mo wò ó títí. Mi ò tíì mọ ohun tí mo ń wò, ṣùgbọ́n mo fi í sọ́kàn.

Aneesah, ọmọ obìnrin náà, ló bẹ̀ mí níṣẹ́. Aago méje kò tíì lù tó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì òtẹlẹ̀múyẹ́ tí mo dá sílẹ̀ ní Costain, tó ń sunkún. Ìdíátù ìyá rẹ̀, opó ará Mushin, ti ń fọ aṣọ fún Pa Ambrose láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọlọ́pàá lọ gbé e nílé, lójú gbogbo àdúgbò, wọ́n tì í sẹ́yìn ọkọ̀. Ọjọ́ Àìkú sì ni wọ́n fẹ́ so yìgì Aneesah.

"Bàbá ọkọ mi ti ránṣẹ́," ó ní. "Àlàájì Abdulfatai ní àwọn kì í fẹ́ ọmọ ẹni tó wà látìmọ́lé. Tí màmá mi ò bá bọ́ títí ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kí n má wulẹ̀ lé làálì."

"Nu ojú rẹ," mo wí. "Ọ̀la ṣì jìnnà."

Kò jìnnà rárá, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

*

Wọ́n mú Ìdíátù wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọṣẹ ti jẹ ìka rẹ̀ funfun. Kò sunkún. Inú ló ń bí i.

"Ìyá Aneesah, ẹ kú àfaradà."

"Àfaradà wo? Wọ́n ní kí n jẹ́wọ́. Kí ni kí n jẹ́wọ́? Pé mo gbé báàkẹ́tì sábẹ́ omi tó ń kán?"

"Ẹ sọ bó ṣe rí."

"Aago mẹ́jọ ni mo dé. Bàbá àti Jael ọmọ wọn ti lọ sí ọsibítù olójú. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mo ń fọṣọ. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, mo wọ pálọ̀ láti tú kọ́tìnì. Mo bá a tí omi ń kán tó, tó, tó lára fírémù. Mo sáré gbé báàkẹ́tì wá kí kápẹ́ẹ̀tì má baà rin. Èmi náà ni mo pe Jael lórí fóònù. Ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́, ṣé òun ló máa pe onínǹkan?"

"Ṣé àlejò wọlé?"

"Àlejò kankan ò wọlé. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì fi mú mi."

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti Bàbá jà lọ́jọ́ Ajé."

"A jà! Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ kan nítorí ìgbéyàwó ọmọ mi. Wọ́n ní ìpàtẹ àwòrán àwọn ń bọ̀ ní Yaba, ta ni yóò bá àwọn fọ aṣọ. Mo ní wọ́n fẹ́ràn bébà ju èèyàn lọ. Mo sọ ọ́, mi ò sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n àwòrán yẹn..." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹ gbà mí gbọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń nu òógùn ara rẹ̀."

Mo gbé etí sókè. "Òógùn kẹ̀?"

"Ó máa ń làágùn ni. Bí òjò bá ti ń rọ̀ báyìí, inú gíláàsì rẹ̀ á ṣú, omi á lẹ̀ mọ́ ọn wínníwínní. Àwọn àwòrán yòókù lára ògiri á gbẹ, òun nìkan ni yóò máa làágùn. Bàbá á ní, 'Ìdíátù, Evelyn ti tún ń làágùn.' Èmi ni mo máa ń tú u, tí mo máa ń fi aṣọ gbígbẹ nu gíláàsì."

"Lọ́dún yìí ńkọ́?"

Ó ka oṣù lórí ìka rẹ̀.

"Ẹ wò ó, kò làágùn lọ́dún yìí! Òjò ti ń rọ̀ láti oṣù Èbìbí, mi ò nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò pé fírémù tuntun tí wọ́n ṣe sí i nígbà ọyẹ́ ló fà á ni."

Mo dìde. Orúnkún mi dún, mi ò dá a lóhùn. Sàlíhù ń bi mí bóyá mo ti gbà báyìí pé ẹjọ́ parí. Mo ní kó lọ jẹun.

*

Ilé ilẹ̀ ni Pa Ambrose ń gbé ní Ìpọ̀nrí, àwòrán ló kún ògiri láti òkè délẹ̀. Ìkùukùu ni gbogbo wọn. Ìkùukùu lórí omi, ìkùukùu láàárín àwọn ilé onígi, oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú bí ẹni tó ń tijú. Mo bi ara mi pé ṣé Èkó yìí kan náà tí èmi ń bá ja ìjà ojoojúmọ́ ni bàbá yìí ń yà.

Jael ló ṣílẹ̀kùn. Tíṣà ni òun náà, ní Yaba, ẹni ọdún méjìdínlógójì, olóhùn pẹ̀lẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí kí n tó jókòó.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n fi Ìyá Aneesah sílẹ̀. Òrùlé ló jò. Mo ti sọ fún Dádì."

"Mi ò gbà!" ni bàbá rẹ̀ ké láti orí àga. Ó wọ awò dúdú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọ̀pá. "Òrùlé kì í jà ní Ajé kó wá jò ní Ọjọ́bọ̀."

Mo gun àga. Ẹ má bi mí bí mo ṣe gùn ún. Àjà ilé gbẹ, jàǹkáríwọ̀ ta òwú síbẹ̀, eruku rẹ̀ kò tíì yí padà. Mo fi ọwọ́ pa ògiri lókè ibi tí fírémù wà: ó gbẹ. Nísàlẹ̀ nìkan ni omi ti fa ìlà. Omi náà kò ti òkè wá. Inú fírémù ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ti tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó da omi sí i, ó sì tún gbé e kọ́ padà.

Nítorí náà, òrùlé kọ́. Mi ò sọ ọ́ síta. Mo jókòó ti bàbá.

"Bàbá, ẹ sọ ìtàn àwòrán yìí fún mi."

Ó kọ́kọ́ gbé ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ìbínú sì ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Èmi kì í ya ọjà. Èmi kì í ya eégún. Òwúrọ̀ ni mo ń yà. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ń pè mí ní Ambrose Oníkùukùu. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń wọ ọkọ̀ àjẹ̀ ní Ìwáyà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Lọ́jọ́ kan báyìí, nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ọyẹ́ mú gan-an, mo dé àárín omi, mo rí i pé mo gbàgbé ìgò omi mi sílé. Àwọ̀ olómi ni mò ń lò o! Mo ń bú ara mi. Obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ kejì, tíṣà ni, ó ń lọ sí iléèwé tó wà létí omi. Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, 'Ọ̀gá, omi ló yí yín ká yìí, èwo lẹ tún ń wá?'"

Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì yọ lábẹ́ awò rẹ̀.

"Mo ki bùrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀sà, mo sì ya òun gan-an. Ọdún yẹn la ṣègbéyàwó. Jael ò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí Evelyn fi kú. Omíyalé tó wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e kó gbogbo fọ́tò lọ. Àwòrán yẹn nìkan ló kù tí ojú rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo ti sọ fún wọn, lọ́jọ́ tí mo bá kú, kí wọ́n tẹ́ ẹ sí mi láyà nínú pósí. Òní gan-an ni àwọn onípàtẹ ì bá wá yọ ọ́ kúrò nínú gíláàsì. Lẹ́yìn ìpàtẹ, ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò tì í mọ́ àpótí títí di ọjọ́ náà. Ìdíátù wá fi omi fọ̀ ọ́!"

"Ṣé òun nìkan lẹ fi omi ọ̀sà yà?"

"Òun nìkan. Omi ọ̀sà kò bá àwọ̀ lára mu."

Ìyá ìyá mi yan ẹja ní Ìwáyà títí ó fi kú, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ omi yẹn. Nígbà òjò, omi odò ń ya wọ ọ̀sà, ẹ lè fi í ṣan ẹnu. Nígbà ọyẹ́, omi òkun ló ń wọlé, iyọ̀ á sì kún inú rẹ̀. Ta ni kò sì mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe lásìkò òjò? Ẹ gbé e kalẹ̀ láìdé, ẹ ó bá omi nínú abọ́. Bébà tí bàbá yìí fi omi oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ yà ti mu iyọ̀ yó. Ìdí tó fi ń làágùn láti ogójì ọdún nìyẹn. Bébà tó wà lórí tábìlì Sàlíhù kò làágùn rárá lọ́dún yìí.

 Mo rántí nǹkan funfun tó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu lórí bébà.

"Bàbá, irú àwọ̀ funfun wo lẹ fi kun gèlè wọn?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀ bí ẹni tí mo bú. "Funfun? Mi ò ra àwọ̀ funfun rí láyé mi! Funfun kì í ṣe ohun tí à ń kùn. Bébà fúnra rẹ̀ ni. À ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni, kí bùrọ́ọ̀ṣì má kàn án. Gèlè Evelyn, bébà lásán ni. Ọwọ́ ló mọ ọ̀nà ẹ̀."

Jael ń gbé omi bọ̀ fún mi. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ife lọ́wọ́, kò sì wọlé mọ́.

"Ta ló ṣe fírémù tuntun sí i nígbà ọyẹ́?"

"Roqeeb," ni bàbá dáhùn, ó sì fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tó wá lọ ń ya àwòrán olóògbé ní Mushin! Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Jael ló gbé e lọ fún un." Ó yí orí sí mi lójijì. "Kí ló dé? Roqeeb ni àbí? Mo mọ̀! Olè ni!"

Mo ní kó ní sùúrù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

*

Ṣọ́ọ̀bù Roqeeb wà ní Ìdí-Òro, fírémù ló kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọkùnrin tó sanra díẹ̀ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún àwọ̀. Bí mo ṣe dárúkọ Pa Ambrose, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to fírémù tó ti tò tẹ́lẹ̀.

"Fírémù nìkan ni mo ṣe, Àǹtí. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan míì."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá jágbe mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ á tì pa. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ mi, mo mí kanlẹ̀.

"Ó mà ṣe o. Ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán inú fírémù yẹn, kò sẹ́lẹgbẹ́ rẹ̀. Ìkùukùu yẹn! Àwa tí a ti rí iṣẹ́ Bàbá, a ní tiẹ̀ tún ju ti Bàbá lọ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ṣé lóòótọ́?"

"Ká sọ tòótọ́. Gèlè nìkan ló bà á jẹ́."

"Áà, gèlè yẹn le, Àǹtí! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbìyànjú láti yẹ bébà yẹn sílẹ̀ bíi ti Bàbá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ni mo bá kúkú fi funfun kun..."

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí ìṣó wọ̀ọ̀, mo sì jẹ́ kó jókòó.

"Ta ló ní kó o yà á?" mo bi í.

"Àǹtí Jael ni. Wọ́n ní Bàbá ló ní kí n ya èkejì, pé kí ojúlówó má baà gbó sára ògiri. Inú mi dùn, Àǹtí. Mo rò pé Bàbá ti dárí jì mí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi yà á. Méjèèjì ni mo kó fún wọn."

"Ta ló máa jẹ́rìí?"

Ó fa fóònù yọ. Fọ́tò kan ni: àwòrán méjì tó jọra wà lórí tábìlì, Jael sì dúró lẹ́yìn wọn, ojú rẹ̀ kò sí lára kámẹ́rà. Obìnrin inú ọkọ̀ tó wà lápá òsì ló ń wò.

"Mo yà á kí n lè fi han Bàbá lọ́jọ́ kan," ni Roqeeb wí.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo padà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù.

"Ìyá Aneesah, mi ò bi yín nípa àlejò mọ́ o. Ta ló wọlé ní Ọjọ́bọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. "Jael nìkan ni. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ó ní àwọn gbàgbé káàdì ọsibítù. Jael kì í ṣe àlejò, ilé bàbá rẹ̀ ni."

"Ẹ ò sọ fún ọlọ́pàá?"

"Wọn ò bi mí."

Mo yíjú sí Sàlíhù. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

*

Láàárọ̀ Sátidé, aago mẹ́sàn-án, èmi àti Sàlíhù ti wà ní Ìpọ̀nrí.

"Bàbá, ìbéèrè kékeré kan," mo wí. "Ní Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ ta ni káàdì ọsibítù yín wà?"

"Ọwọ́ mi. Àpò mi ló máa ń wà, ojú mi ò ríran ni, mi ò tíì ya wèrè."

"Jael," mo wí, "o gbọ́."

Jael dúró lẹ́bàá ògiri, lábẹ́ ìṣó tí kò ní àwòrán mọ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, mi ò gbójú fo nǹkan kan. Mo sọ̀rọ̀ iyọ̀ àti òógùn, mo sọ̀rọ̀ àwọ̀ funfun, mo fi fọ́tò Roqeeb han Sàlíhù. Mo ní àwọn tó ń ṣe ìpàtẹ fẹ́ wá yọ àwòrán náà kúrò nínú gíláàsì lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ayàwòrán kan láàárín wọn yóò rí funfun yẹn, ojú Bàbá nìkan ni kò lè rí i. Ìdí nìyẹn tí omi fi gbọ́dọ̀ dà sí i ní Ọjọ́bọ̀.

"Ohun kan ṣoṣo ni mi ò mọ̀," mo wí. "Kí ló dé tí o ò dá ojúlówó padà sára ògiri?"

"Wọn ì bá tì í mọ́ àpótí ṣọ́ọ̀ṣì," ni Jael dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "N kì bá rí i mọ́." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. "Dádì, ẹ̀yin mọ ojú wọn. Ẹ bá wọn gbé, ẹ gbọ́ ẹ̀rín wọn. Èmi ò mọ nǹkan kan! Àwòrán yẹn ni ìyá mi. Ẹ wá ní kí wọ́n sin ín mọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo bẹ̀ yín? Ẹ ní ìyàwó yín ni. Ṣé kì í ṣe ìyá mi ni?"

 Jael wọ yàrá lọ, ó sì gbé páálí pẹlẹbẹ kan jáde. Nígbà tó ṣí i, èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa àwòrán, mo mí kanlẹ̀. Bébà náà ti rọ̀ nítorí òjò, ìkùukùu inú rẹ̀ ń dán, gèlè kékeré yẹn sì mọ́ gaara láàárín gbogbo rẹ̀.

Pa Ambrose na ọwọ́. Ó fi ìka pa etí bébà, ó fi ìka náà kan ahọ́n. 

"Òun ni," ó wí. "Ìwáyà ni."

Mo rò pé yóò sunkún ni. Ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè sí ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ojú rẹ̀ sì le.

"Ọmọ mi, nípa èyí tó o mú, ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ lọ́rùn tèmi. Màá jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n Ìdíátù ńkọ́? O mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan. O jẹ́ kó sùn látìmọ́lé lẹ́ẹ̀mejì?"

Jael ṣubú sórí orúnkún. "Mo rò pé wọn á fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Dádì. Mo ń sọ fún wọn pé òrùlé ni. Ẹ̀rù bà mí. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé màá jẹ́wọ́."

"Èmi ni mo pe ọlọ́pàá sí i," ni bàbá wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mi ò bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan. Gbé mi dìde."

*

Aago méjìlá ti kọjá nígbà tí Sàlíhù sọ fún Ìdíátù pé ó lè máa lọ sílé. Kò dìde lórí bẹ́ǹṣì.

"Lọ sílé báwo?" ó bi í. "Ẹ̀yin méje lẹ wá gbé mi. Àwọn tó ń pọnmi rí mi, lèmọ́mù rí mi, àna mi gbọ́. Ṣé kí n máa lọ láti ilé dé ilé, kí n máa sọ pé wọ́n ní kì í ṣe èmi?"

Pa Ambrose gbára lé ọ̀pá rẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá Aneesah, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì mí."

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ń pè é ní Ìdíátù. Obìnrin náà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Ojú gbogbo ayé lẹ fi mú mi, Bàbá. Ojú gbogbo ayé ni kẹ́ ẹ ti dá mi láre. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibí yìí ni màá wà. Kí yìgì tú, kí ayé mọ̀ pé mi ò ṣe é."

Mo ti rí ọ̀daràn tó kọ̀ láti wọ àtìmọ́lé. Mi ò tíì rí aláìṣẹ̀ tó kọ̀ láti jáde. Mo wo aago. Mo ní kí gbogbo wọn wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá, bàbá, ọmọ, Ìnsípẹ́kítọ̀, gbogbo wọn.

Ní àdúgbò Ìdíátù ní Mushin, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹrẹ̀ sì kún ojú àgbàlá. Àlàájì Abdulfatai ti wà níbẹ̀ lórí àga, ó gbé tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó wá gbọ́ ìdáhùn ìkẹyìn. Aneesah dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí làálì níbẹ̀. Bí ọkọ̀ wa ṣe dúró, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Ìdíátù fẹ́ gan-an nìyẹn.

Pa Ambrose kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti kọ́ ọmọ níwèé fún ọgbọ̀n ọdún, ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́. Ó ní òun Ambrose Ṣówándé fi ẹ̀sùn èké kan obìnrin yìí. Ó ní nínú gbogbo ọdún tó fi wọ ilé òun, ṣíbí kan kò sọnù.

Lẹ́yìn náà, Jael kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú Àlàájì.

"Èmi ni mo bà á jẹ́, ẹ̀yin bàbá. Mo mọ̀ pé èmi ni, mo sì dákẹ́ tí wọ́n fi gbé Ìyá Aneesah lọ. Wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Ẹnìkan lẹ́yìn mi ní, "Ọlọ́run Ọba o!" Sàlíhù náà jáde síwájú, mi ò sì tì í, ó ní ọlọ́pàá ló ṣì í mú. Àlàájì Abdulfatai ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀ kó tó la ẹnu. Aneesah ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ìyàwó wa," ó wí, "lọ lé làálì. Aago mẹ́wàá ọ̀la kò yẹ̀."

Ìdíátù kò hó. Àwọn obìnrin àdúgbò ló bá a hó, tí wọ́n ń dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Òun rìn lọ sọ́dọ̀ Jael tó ṣì wà lórí orúnkún, ó dì í lápá, ó sì fà á dìde. Ẹrẹ̀ ti mu síkẹ́ẹ̀tì ọmọ náà dé itan.

"Ìyá Aneesah, ẹ forí jì mí," ni Jael ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá."

"Mo forí jì ọ́. Ìyá ẹni kì í ṣe nǹkan kékeré." Ìdíátù tẹ̀ ba, ó fi ìka fa aṣọ náà wò bó ṣe máa ń wo aṣọ. "Ẹrẹ̀ yìí kì í tètè jáde. Rẹ ẹ́ sínú omi di òwúrọ̀, fi ọṣẹ dúdú sí i, kó o sì fi ọwọ́ ara rẹ fọ̀ ọ́. Èmi ò fọṣọ nílé yín mọ́."